Vespa ní Òkè Ẹ̀fọ̀n

Bí wọ́n bá dárúkọ alùpùpù Ítálì fún àwọn àgbà Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì, Vespa ni wọn yóò rántí. Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú, ló ya á fún ilé-iṣẹ́ Piaggio, ó sì dé ọjà ní 1946. Ọkùnrin náà kórìíra alùpùpù: epo ń ta sí aṣọ, táyà sì ṣòro láti tú. Ló bá fi páànù bo ẹ́ńjìnnì, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ níwájú. Alágbàádá àti nọ́ọ̀sì tó wọ gáàùn lè jókòó lé e wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, tíṣà pọ̀ káàkiri, Vespa sì di ọkọ̀ iyì fún olówó-oṣù. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun a wá àlòkù.

Ríra àlòkù gba sùúrù. Olùrà á mú makáníìkì dání, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, a jẹ́ pé olùtà ti tan án sílẹ̀, kí wọ́n má baà mọ̀ pé kì í tètè ṣiná. Èéfín díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, torí ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Ibi ìtẹ́sẹ̀ gan-an ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́: Vespa kò ní férémù lọ́tọ̀, páànù yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí ìpáàrà bá ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tí ọ̀dà tuntun lè tún ṣe sí i.

Àmọ́ táyà Vespa kéré, íǹṣì 8 tàbí 10, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ àti òkè Èkìtì kò sì rọrùn fún un. Táyà Honda C50 ti Japan jẹ́ íǹṣì 17. Nígbà tí owó Udoji, àfikún owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975, máṣíìnì Japan ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi rà. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, tuntun di ọ̀wọ́n, tòkunbọ̀ gbòde, iṣẹ́ ọ̀kadà sì gbilẹ̀.

Ní Ítálì kan náà, ní 1993, ilé-iṣẹ́ Ducati ti Bologna ta alùpùpù Monster, tí Miguel Galluzzi yà, tó ṣí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ níhòòhò. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé jiyàn, ṣùgbọ́n kò lè ru àpò kòkó. Bajaj Boxer ti Íńdíà tó gba ọ̀nà Àrámọ̀kọ lónìí, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà wà níta gbangba: makáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè yọ púlọ́ọ̀gì, kó fọ kábúrétọ̀, kí èrò tó sọ̀ kalẹ̀ tún gùn ún lọ.