Ta Ni Ó Ni Ilẹ̀ Àpápá?

A kì í fi ohun olóhun tọrẹ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dúró lé, ẹjọ́ tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Èkó mọ̀.

Ní ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó sábẹ́ ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní Èkó, oyè ọba lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìpín kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ni onílẹ̀. Ààfin ọba pàápàá, oko ata Arómirẹ́, tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn, ni ìtàn sọ pé a kọ́ ọ sí. Báwo wá ni Dòsùnmú yóò ṣe fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ní 1913, ìjọba gba nǹkan bí éékà 255 ní Àpápá. Àmọ́dù Tìjání, ìjòyè Ìdẹ́jọ tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, béèrè owó ilẹ̀ náà. Adájọ́ àgbà dá a pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí i, pé òun kọ́ ni ó ni ilẹ̀. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ, ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó sì wà lọ́wọ́ Macaulay.

Ọ̀pá yìí dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ nípa ipò Elékòó bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba rán agogo yí ìlú ká láti sẹ́ ẹ, ọba sì kọ̀. Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún náà, ìjọba ní àwọn kò mọ̀ ọ́n ní olórí mọ́.

Ní oṣù Júlàì 1921, àwọn adájọ́ Privy Council dá Olúwa láre. Wọ́n ní àṣẹ ìlú ni ìwé 1861 gbé fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò gba ohun ìní àwọn ènìyàn. Gbogbo ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Alámòójútó ni ìjòyè jẹ́. Nítorí náà, kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà pé.

Ìjọba kò tíì fi Elékòó sílẹ̀. Ní 1925 wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì gba ẹlòmíràn ní ọba. Ní 1931, Privy Council ní kí ilé ẹjọ́ wádìí bóyá ìrọ̀lóyè náà bá àṣà ìlú mu. Ọdún yẹn kò tíì parí tí Èṣùgbàyí fi padà wọ Èkó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyèsí i: Olúwa kò borí nípa wíwí pé, "Èmi ni mo ni ín." Ohun tí ó gbà á là ni pé ó ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ìdájọ́ yìí de ìjọba, ó sì de olórí ẹbí tí ń dá ilẹ̀ tà láìfi lọ ẹbí. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Gómìnà náà di alámòójútó, ọ̀rọ̀ Àpápá sì ń bá òun náà wí: a kì í fi ohun olóhun tọrẹ.