Awò Ojú Láti Orí Àtẹ

Ilẹ̀ Ítálì ni awò ojú ti kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí ọdún 1286. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn aláàtẹ ló ń kiri rẹ̀: oníbàárà a máa gbé e sójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. Ọdún 1862 ni Snellen, oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Holland, ṣe pátákó lẹ́tà ńláńlá àti kéékèèké tí a fi ń wọn ìríran.

Ní Ìbàdàn tiwa, UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọkọ̀ láti Apẹtẹ dé Dùgbẹ̀ lè bá awò lórí àtẹ, bí ará Ítálì àtijọ́. Ó lè ran àgbà lọ́wọ́ láti kàwé, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n glaucoma kì í gbọ́ ti awò. Ẹ̀yìn ẹyinjú ló ti ń ṣọṣẹ́, kì í sì í sábà dunni. Ẹni tí ń pààrọ̀ awò lórí àtẹ lọ́dọọdún lè má fura títí ojú yóò fi fọ́.

Awò dúdú ńkọ́? Bí kò bá dí ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí, ó lè ṣe ibi ju ire lọ, nítorí ọmọlójú a máa fẹ̀ nínú òkùnkùn rẹ̀, ìtànṣán náà a sì rọ́nà wọlé. Dúdú rẹ̀ kò fi èyí hàn. Ẹ̀rọ ni àwọn oníṣẹ́ awò fi ń dán an wò.