Ìtànṣán Tí Ń La Ara Kọjá: Ọ̀rẹ́ Ni Tàbí Ọ̀tá?

Àwọn àgbà a máa wí pé, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni apá kan nínú àwọn amòye wí nípa ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán egungun. Apá kejì wí pé bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni, díẹ̀ rẹ̀ lè ṣe ara lóore.

Ní ọdún 1895 ni Röntgen, ará Jámánì, rí ìtànṣán yìí. Ayé yọ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1904, Clarence Dally, ọmọ iṣẹ́ Edison ní Amẹ́ríkà, kú nípasẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti gé apá rẹ̀ méjèèjì. Pé àpọ̀jù rẹ̀ ń pani, iyàn kò sí níbẹ̀ mọ́.

Díẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 2005, àwọn amòye ilẹ̀ Faransé wí pé ara lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2006, ti Amẹ́ríkà wí pé ewu wà nínú ìwọ̀n kékeré pàápàá, bí ó ti wù kí ewu náà kéré tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òkè-Ògùn. Àpáta líle irú èyí tí ó yí Ṣakí ká ń tú ìtànṣán díẹ̀ jáde láti ìwásẹ̀. Àwọn baba wa gbó, wọ́n tọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí kò sí ẹni tí ó ka àwọn tí kò gbó.

Nítorí náà, ẹni tí dókítà bá rán lọ ya àwòrán àyà nítorí ikọ́ ife, kí ó má ṣe sá: ikọ́ tí a kò tètè rí ń pani láìsí iyàn. Ṣùgbọ́n kí aboyún sọ ipò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì yà á láìnídìí.