Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ará Ṣakí kò nílò ìtumọ̀ púpọ̀: àwọn kan gba Ìṣẹ́yìn wọ ọjà wa, àwọn kan gba Ìgbòho, àwọn mìíràn ti ìhà Bẹ̀nẹ̀ wá. Bí ọ̀nà kan dí, ọjà ò ní tú. Edé, tó ń ti etí òkun jíjìn réré wá bá wa, wà lára àwọn tí òwe yìí ń bá wí.

Kì í ṣe oríṣi kan ni edé. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni edé òkun ńlá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Penaeus notialis, tí wọ́n ń pa láti Mauritania títí dé Àǹgólà. Inú òkun ni abo rẹ̀ ń yé sí, ẹyin rẹ̀ a sì lé ní 100,000. Omi ló ń gbé ọmọ tó bá pa kiri. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó bá yè á wọ ọ̀sà, irú èyí tó wà l'Ékòó, á sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò igi inú omi, á dàgbà fún oṣù mélòó kan, kó tó padà sókun.

Omi òkun kò mọ ààlà. Ọmọ edé tí wọ́n bí níwájú Kútọ̀nù lè dàgbà l'Ékòó, kí àbùdá ibì kan sì dà pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Bí ọ̀nà púpọ̀ ṣe jẹ́ ààbò ọjà, bẹ́ẹ̀ ni oríṣiríṣi àbùdá yìí ṣe jẹ́ ààbò wọn: bí omi bá gbóná tàbí tí àrùn dé, a lè rí èyí tó máa fara dà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí DNA, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá, ti edé ibi méjì bá jọra, wọ́n á ní ọ̀kan yóò máa dí àdánù èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Edé díẹ̀ tó bá ń ṣí wá ní ìran kọ̀ọ̀kan ti tó láti mú DNA jọra, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò lè kún àwọ̀n ẹnikẹ́ni. Bí a bá kó ti Èkó tán, ti Kútọ̀nù kò ní tètè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyin náà ń tanni jẹ, nítorí ọmọ tí abo díẹ̀ péré bí ló sábà ń yè. Àbùdá lè máa ṣòfò nígbà tí àwọ̀n ṣì ń kún.

Ohun tó lè dáàbò bo edé wà nílẹ̀: òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti 1992 àti ìlànà abẹ́ rẹ̀ kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n láyè ní máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí omi, ojú àwọ̀n edé wọn kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 44. Kí ìjọba mú un ṣẹ, kí wọ́n sì yéé fi iyanrìn dí ọ̀sà tí ọmọ edé ti ń dàgbà. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ bá wa bi àwọn aṣòfin wa léèrè.