Òṣùwọ̀n Glasgow àti Ẹ̀jẹ̀ Ará Ìbàdàn

Ìbéèrè kan wà tí ẹbí aláìsàn jẹjẹrẹ kì í pẹ́ bi dókítà, ìbáà ṣe Mápó ni wọ́n ti wá tàbí Bẹẹrẹ: "Ṣé ìyá wa á gbádùn báyìí?" Bí kókó náà ṣe tóbi tó àti ibi tó ràn dé ni dókítà sábà fi ń dáhùn, àwòrán tó sì lè fi ìyẹn hàn dáadáa, owó gọbọi ni. Èrò tèmi ni pé purotéènì méjì tí a lè wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè ran ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ púpọ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ wa.

Àkọ́kọ́ ni C-reactive protein, tí àwọn oníláàbù ń pè ní CRP. Tillett àti Francis ló rí i lọ́dún 1930, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, tàbí tí kókó jẹjẹrẹ ń ba ẹran ara jẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tú èròjà kan tí ń jẹ́ interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìyẹn bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CRP láàárín wákàtí mélòó kan. Èkejì ni albumin. Ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń ṣe é, àmọ́ bí CRP ṣe ń gòkè ni albumin ń wálẹ̀. Gbígbóná àti wíwú tí ara fi ń bá kókó jà tún lè máa bọ́ kókó náà, kó sì máa jẹ ẹran ara aláìsàn títí yóò fi rù kan eegun. Nítorí náà ni purotéènì méjèèjì fi ń sọ bí ara ṣe ń gba àrùn náà sí, ohun tí àwòrán kò lè sọ.

Lọ́dún 2003, Forrest, McMillan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Glasgow fi méjèèjì ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí iṣẹ́ abẹ kò ṣe é ṣe fún. Ẹni tí CRP rẹ̀ kọjá miligíráàmù 10 nínú lítà kan, tí albumin rẹ̀ kò sì tó gíráàmù 35, gba àmì 2. Ẹni tí ọ̀kan péré bá bá wí gba 1. Bí àmì ṣe ń pọ̀ ni ọjọ́ aláìsàn ń kúrú. Nígbà tó yá wọ́n tún un ṣe: albumin tó wálẹ̀ láìsí CRP tó ga kò gba àmì kankan mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́ o, àyẹ̀wò yìí kì í wá jẹjẹrẹ. Ìgbà tí a bá ti gé díẹ̀ lára kókó wò, tí a mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ló tó wúlò.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di tiwa. Ibà nìkan tó láti gbé CRP kọjá 10 fíofío. Hepatitis B lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè ṣe albumin tó, tàbí CRP pàápàá. Ti ibà ní àtúnṣe: bí ohun tó gbé CRP sókè bá ti lọ, ìdajì rẹ̀ ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí 19. Kí a kọ́kọ́ tọ́jú ibà, kí a dúró ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí a tún un wọ̀n.

Àwọn kan á ní ká kúkú ka sẹ́ẹ̀lì funfun, ká fi iye neutrophil wé ti lymphocyte, tí méjèèjì jẹ́ oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun, torí ìyẹn kò wọ́n. Ìyẹn tún le jù. Purotéènì Duffy, tó wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ òyìnbó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ti ọmọ Yorùbá kankan. Àìsí rẹ̀ ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ibà Plasmodium vivax, ó sì ń jẹ́ kí neutrophil wa kéré láìsí àìsàn. Ará Ìbàdàn 90 ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú HapMap, iṣẹ́ ìwádìí irú ìyàtọ̀ jíìnì bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, tí gbogbo ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó yẹ kí èrè irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ padà dé Ọjà'ba ní Ìbàdàn.

Àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn ti kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Lọ́dún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà àdúgbò náà. Jíìnì APOE ε4 jẹ́ àmì ńlá fún àrùn Alzheimer lára àwọn òyìnbó. Lọ́dún 1995 wọ́n kéde pé àwọn kò rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn àgbà Nàìjíríà. Nígbà tí iye èèyàn pọ̀ sí i, wọ́n rí i pé ẹni tó jogún ẹ̀dà méjì ni ewu náà hàn lára rẹ̀. Ká ní wọ́n gbé ìwọ̀n òyìnbó wá láìyẹ̀ ẹ́ wò ni, ẹ̀rù asán ni ì bá ba ọ̀pọ̀ arúgbó Ìdíkàn.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni àǹfààní wíwọn CRP àti albumin, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ń dé ọsibítù lẹ́yìn tí ọyàn ti di egbò. Àwọn gan-an ló wúlò fún jù. Kì í ṣe láti fi lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ìtọ́jú. Ó ń fi ẹni tí ara rẹ̀ ṣì lè gba oògùn líle hàn, àti ẹni tí oúnjẹ gidi àti oògùn ìrora gbọ́dọ̀ ṣáájú fún, kí ẹbí má baà ta ilẹ̀ tán lórí oògùn tí ara kò lè gbé.

Àkọsílẹ̀ Jẹjẹrẹ Ìbàdàn ti wà ní ọsibítù UCH láti 1960. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtù, ó súnmọ́ àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Mápó àti Bẹẹrẹ. Mo bẹ ẹ̀yin tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ wà lọ́wọ́ yín ní ìlú yìí: lọ́jọ́ tí ẹ bá fìdí jẹjẹrẹ múlẹ̀, ẹ wọn CRP àti albumin, ẹ yẹ ibà àti hepatitis wò pẹ̀lú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa tọpa aláìsàn dé ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe ní Ìdíkàn, kí a lè fi èsì tiwa gbé òṣùwọ̀n tiwa kalẹ̀.