Ọjọ́ tí ó Wà Lára Fáìlì: Ìtàn Inode láti Unix dé Linux

Ìfáárà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, mi ò kàwé gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe kan tí mo ṣe ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ wọn sínú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ó ń lo Linux. Ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke. Nígbà tí mo jókòó láti máàkì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fáìlì akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ̀, kò ṣí. Ọ̀gbẹ́ni tí ó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà bá mi tún un ṣe, ó sì ṣí. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó fi ọjọ́ ara fáìlì kọ̀ọ̀kan hàn mí, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yí padà. Ti àwọn yòókù jẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ti ọmọ yìí nìkan ni ó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gé máàkì rẹ̀. Ó sọkún, ó búra, mi ò gbà á gbọ́, nítorí mo ti pinnu lọ́kàn mi pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́.

Kọ̀ǹpútà náà kò purọ́ lóòótọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tí ó ń sọ. Kí n tó lè mọ̀ ọ́n, mo ní láti padà sí ọdún 1969.

Orúkọ lọ́tọ̀, fáìlì lọ́tọ̀

Ní ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú Multics, iṣẹ́ ńlá kan tí òun, MIT àti General Electric jọ ń ṣe, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́ta kan ní Bell Labs, Ken Thompson, Dennis Ritchie àti Rudd Canaday, kò jẹ́ kí èrò náà kú. Orí pátákó ìkọ̀wé àti àjákù ìwé ni wọ́n ti ya àwòrán bí ó ṣe yẹ kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú fáìlì. Thompson wá kọ ọ́ sórí PDP-7, kọ̀ǹpútà kan tí ìgbà rẹ̀ ti ń kọjá lọ. Ibẹ̀ ni Unix ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú àwòrán yẹn ni pé ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń pè ní fáìlì kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà káàkiri orí dísìkì. Níbòmíràn lórí dísìkì kan náà, wọ́n to àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké sí ìlà gbọọrọ, àkọsílẹ̀ kan fún fáìlì kan, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni inode. Òun ni ó mọ irú ohun tí fáìlì jẹ́, bí ó ṣe tóbi tó, ẹni tí a yọ̀ǹda fún láti kà á tàbí láti kọ ohun sí i, àti ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lórí dísìkì. Ohun kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ni orúkọ fáìlì. Inú fódà ni orúkọ ń gbé, fódà náà kò sì ju ìwé orúkọ lọ: orúkọ báyìí, nọ́ńbà inode báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìsọmọlórúkọ ṣe àpèjúwe. Bàbá sọ ọmọ ní Adébáyọ̀, ìyá àgbà sọ ọ́ ní Ìbídàpọ̀, àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ń pè é ní Olúfẹ́mi. Orúkọ mẹ́ta, ọmọ kan. Bákan náà ni orúkọ mẹ́ta nínú fódà mẹ́ta lè tọ́ka sí nọ́ńbà inode kan, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ojúlówó ju èkejì lọ. Inode kò kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀, iye wọn nìkan ni ó ń kà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun pa fáìlì rẹ́, orúkọ kan ni ó pa rẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú iye yẹn. Ìgbà tí iye náà bá di òdo, tí ètò kankan kò sì ṣí fáìlì náà sílẹ̀ mọ́, ni ààyè rẹ̀ tó di ti ẹlòmíràn. (Àfiwé mi kò lọ jìnnà ju ibẹ̀ lọ: ọmọ ènìyàn kì í kú nítorí pé a gbàgbé orúkọ rẹ̀.)

Ibo ni orúkọ inode fúnra rẹ̀ ti wá? Nígbà tí wọ́n bi Ritchie léèrè ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, òun pàápàá kò lè sọ ní pàtó. Ó rò pé lẹ́tà i yẹn dúró fún index. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nínú gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ń méfò orísun rẹ̀, àwa wá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn baba ńlá wa dá sílẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe wọ inú inode, àti bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe yí padà

Ìwé ìlànà àkọ́kọ́ fún Unix ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1971 lára. Unix ti kúrò lórí PDP-7, ó ti wà lórí PDP-11. Nínú ìwé náà, inode ní ọjọ́ méjì: ọjọ́ tí wọ́n dá fáìlì sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn. Ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi ń ka àkókò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971. Báìtì 4 péré ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ ìṣirò yẹn kì í pé ọdún méjì àbọ̀ kí ó tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìwé ìlànà náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ àbùkù yìí. Nígbà tí ó yá, wọ́n yí i sí ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, wọ́n sì gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìkà sí ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970. Títí di òní, ibẹ̀ ni Linux ti ń ka àkókò. Níbi tí wọ́n bá ṣì ń fi báìtì 4 ka á ní ìlànà àtijọ́, ọjọ́ 19, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2038 ni yóò kún.

Ní 1979, ẹ̀dà keje Unix jáde. Inode rẹ̀ jẹ́ báìtì 64, ọjọ́ mẹ́ta ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan, atime, ń sọ ìgbà tí wọ́n ka fáìlì kẹ́yìn. Èkejì, mtime, ń sọ ìgbà tí wọ́n kọ nǹkan sínú rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ctime. Nínú àkọsílẹ̀ ètò náà fúnra rẹ̀, wọ́n kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ctime pé ìgbà tí wọ́n dá fáìlì sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ètò náà ń ṣe ní tirẹ̀ ni pé ó ń tún ctime kọ nígbàkúùgbà tí nǹkan bá yí padà nínú inode: tí wọ́n bá fi kún ọ̀rọ̀ inú fáìlì, tí wọ́n bá fún un ní orúkọ mìíràn, tàbí tí wọ́n bá yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Lẹ́tà c dúró sí ipò rẹ̀, ìtumọ̀ ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ mọ̀ pé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Mi ò lérò pé ó lè ṣẹlẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ó sì gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mi ò ní pẹ́ lórí iṣẹ́ àwọn ará Berkeley, tí wọ́n tún tò inode sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inú fáìlì kí ó lè yá nínú ìwákiri, tí wọ́n sì jẹ́ kí orúkọ fáìlì gùn dé lẹ́tà 255. Ohun tí ó kàn wá ni ọ̀nà tí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gbà dé Linux, nítorí pé ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Kò ní ibi ìtọ́jú fáìlì tirẹ̀, ó yá ti Minix lò, èyí tí Andrew Tanenbaum kọ fún ìkọ́ni ní Amsterdam. Ó dùn mọ́ mi pé ìwé kíkọ́ni ni orísun rẹ̀. Ṣùgbọ́n Minix kò gba ju mẹ́gábáìtì 64 lọ, orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́tà 14, inode rẹ̀ sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní 1992, Rémy Card, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ext. Ààyè gbòòrò, orúkọ gùn, síbẹ̀ ọjọ́ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Oṣù Kìn-ín-ní 1993 ni ext2 dé, tí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú inode pẹ̀lú ìtumọ̀ tí Unix ti fún wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fáìlì sílẹ̀ gan-an kò sí nínú wọn. Ìgbà tí ext4 dé ní 2008, tí inode rẹ̀ di báìtì 256, ni ààyè tó wà fún un. Ó tún wá pẹ́ títí di 2017 kí Linux tó ní ọ̀nà gbogbogbòò tí ètò kan lè gbà béèrè rẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní statx. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ìdáhùn fi wà lórí dísìkì tí kò rọrùn láti béèrè.

Fáìlì ọmọ yẹn

Ọ̀dọ̀ akẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ìtàn yìí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a jókòó sí iyàrá rẹ̀. Bí ó ṣe dé orí ctime ni mo ní kí ó dúró. Mo sọ ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà fún un. Ó bi mí pé, kí ni wọ́n ṣe sí fáìlì náà nígbà tí ó kọ̀ tí kò ṣí? Mo ní wọ́n yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà kí n lè rí i kà. Ní ọjọ́ wo? Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wò mí, kò sọ ohunkóhun.

Ọmọ náà ti ti fáìlì rẹ̀ pa kí ẹlòmíràn má baà wò ó kọ, ohun tí a máa ń kìlọ̀ fún wọn láti ṣe. Àwa ni a ṣí i, ctime sì kọ ọjọ́ tí a ṣí i sílẹ̀. Ẹni tí ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi lójú tèmi: mo béèrè ọjọ́ tí a kò lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yí, òótọ́ sì ni pé àṣẹ kan ṣoṣo, touch, ni ó tó láti fi yí mtime sí ọjọ́ tó bá wuni, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún ctime. Èmi ni mo yẹ kí n béèrè ohun tí ọjọ́ náà túmọ̀ sí. A lọ wo dísìkì náà, a sì lo àṣẹ stat, tí ó ń fi inú inode hàn. Mtime rẹ̀ wà níbẹ̀: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ku díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan gbáko ṣáájú gbèdéke.

Ẹ kíyè sí i pé àǹfààní ni ó jẹ́ fún wa pé wọn kò tíì ṣe àdàkọ àwọn fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Àṣẹ cp, bí a kò bá fi àmì tí ó ń pa ọjọ́ mọ́ kún un, yóò dá inode tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tuntun, ẹ̀rí náà ì bá sì ti lọ. Nínú ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la, a máa ń fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé àti bí wọ́n ṣe ń ṣí fódà hàn wọ́n. Èmi yóò fẹ́ kí wọ́n lo wákàtí kan lórí stat: kí wọ́n dá fáìlì kan, kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ nǹkan sí i, kí wọ́n yí ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà, kí wọ́n fún un ní orúkọ kejì, kí wọ́n sì máa wo èyí tí ó yí nínú ọjọ́ náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò gba owó, kò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìdánwò, mo sì fi ohun tí stat sọ há a. Wọ́n dá máàkì ọmọ náà padà ní sáà kejì. Ó ti san owó àtúnṣe kọ́ọ̀sì nígbà náà.