Dísíkẹ́ẹ̀tì: Àpótí Wà, Kọ́kọ́rọ́ Sọnù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò sí ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kì í lópin. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi dísíkẹ́ẹ̀tì wò ó.

Ọdún 1971 ni IBM gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ó fẹ̀ tó ínǹṣì 8, àmọ́ nǹkan bíi kílóbáìtì 80 péré ló ń gbà. Oní-ínǹṣì 5¼ dé ní 1976. Lẹ́yìn èyí ni Sony ṣe kékeré oní-ínǹṣì 3½, èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi ń gbé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Láti 1987, ó ti ń gba mẹ́gábáìtì 1.44.

Kò kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 1998, Apple ta iMac tí kò ní ihò tí wọ́n á kì í bọ̀. Fláàṣì dé ọjà ní 2000. Ẹyọ kan tó gba mẹ́gábáìtì 8 ju dísíkẹ́ẹ̀tì 5 lọ. Ní 2011, Sony fúnra rẹ̀ dáwọ́ títà á dúró ní Japan.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1086, ọba wọn, William, jẹ́ kí wọ́n kọ ilẹ̀ àti ohun ìní àwọn èèyàn sínú ìwé aláwọ tí wọ́n ń pè ní Domesday Book. Nígbà tó pé 900 ọdún, ní 1986, BBC ní kí ará ìlú àti ọmọ iléèwé kọ nípa ayé tiwọn náà. Orí àwo léésà 2 ni wọ́n kó o sí. Kó tó di 2002, ọdún 16 péré, ẹ̀rọ tó lè kà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀! Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Leeds àti Michigan ló ṣiṣẹ́ kára kó tó tún ṣeé kà. Ìwé 1086 ńkọ́? Ó wà ní Kew, ẹni tó bá gbọ́ Látìn á kà á.

Lójú tèmi, àwo yẹn ò jẹrà. Àpótí wà, kọ́kọ́rọ́ ló sọnù. Mi ò sọ pé ìwé ò lọ́tàá o. Ikán ń jẹ ẹ́, iná ń jó o. Ṣùgbọ́n ojú lásán la fi ń kà á. Nítorí náà, ẹ máa kó iṣẹ́ yín kúrò nínú èyí tó ń gbó lọ sínú tuntun, kí ẹ sì tẹ àwọn ewì àti ìtàn yín sórí bébà pẹ̀lú. Bó ti wù kí fótókọ́pì ìwé ìròyìn wa yìí ṣú tó, àwọn ọmọ wa ò ní wá ẹ̀rọ kankan kí wọ́n tó kà á.